Ta Ni Ó Ni Ilé Kòkó?

Kò sí àlejò tí yóò dé Dùgbẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn tí kò ní gbé ojú sókè wo Ilé Kòkó. Àjà 26 ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ parí ní 1965, ilé kan kò ga tó o ní Nàìjíríà. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣí ní 1992. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga rẹ̀ ni ó ń dà mí láàmú bí kò ṣe orúkọ rẹ̀. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ó ṣe, ó di Ilé Kòkó. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí i: èso kù nínú orúkọ, ẹni tí ó gbìn ín ti jáde.

Láti 1954 ni Ìwọ̀-Oòrùn ti ní àjọ tirẹ̀ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Iye tí àjọ náà bá dá lé e ni àgbẹ̀ yóò gbà. Bí ọjà òkè òkun bá wọ́n ju èyí lọ, èrè di ti àjọ. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ọjà yóò kú ni, kí ìyà má baà jẹ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ di ọ̀nà, ó di ilé ẹ̀kọ́, ó di ilé iṣẹ́, ó sì di àjà 26 yìí.

Ìbéèrè mi nìyí: bí a bá mú owó onówó láìbi í léèrè, tí a sì fi ṣe ohun rere, ṣé a ṣẹ̀ ẹ́ tàbí a kò ṣẹ̀ ẹ́?

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní a kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá. Ó ní, "Ìwọ náà rántí owó ọdún Kérésì tí ìyá rẹ bá ọ tọ́jú. Ṣé kì í ṣe aṣọ ilé ìwé ni ó fi rà fún ọ?" Ta ni kò mọ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí à á já kòkó, tí ó mọ bí a ti í sá a kí ó má baà bu, kò ṣàìmọ owó ná. Ọ̀rẹ́ mi tún ní àwọn àgbẹ̀ náà ni ó dìbò yan ìjọba. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rán ọmọ lọ sí ọjà kò wí pé kí ó fi ṣéńjì ra bàtà. Àwọn baba wa sì ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Síbẹ̀ n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni àbúrò baba mi àgbà ti kọ́ ìwé, òun ni ó sì rán baba mi ní ilé ìwé. Owó kòkó wà nínú rẹ̀. Ẹnu tí mo fi jẹ níbẹ̀ náà ni mo fi ń bẹnu àtẹ́ lù ú yìí.

Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú ilé kíkọ́; àìbéèrè ni ẹ̀ṣẹ̀. Mo gbà pé bí wọ́n bá ti bi àwọn àgbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ìbá gbà. Èyí gan-an ni ó dùn mí jù: ohun tí wọn ìbá fi tọkàntọkàn fúnni ni a gbà lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba gbèsè. Ọdún mẹ́ta péré ni ilé náà nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1968 nítorí owó orí, tí wọ́n ní Àgbẹ́kọ̀yà ni àwọn.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo mú baba mi àgbà dé Dùgbẹ̀. Ó ń fi ìka ka fèrèsé ilé náà lọ sókè títí ọrùn fi ń dùn ún. Ó wá bi mí pé, "Ọmọ mi, èwo ni ti kòkó tèmi níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.