Àkísà Àgbà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó yẹ kí ẹni tó ń lépa ipò nínú iṣẹ́ ológun ro òwe yìí dáadáa, torí aṣọ ọ̀gágun kò ṣòro rán.

Ẹ wo William Robertson, ọmọ télọ̀ ní abúlé Welbourn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe kó tó wọ ẹgbẹ́ ológun ẹlẹ́ṣin 16th Lancers lọ́dún 1877, lọ́mọ ọdún 17. Ìyá rẹ̀ kọ̀wé sí i pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun sin ín ju kí òun rí i nínú aṣọ pupa àwọn sójà lọ. Ẹ má bá ìyá wí. Ọ̀mùtí àti aláìníláárí ni aráàlú ka sójà sí nígbà náà.

Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ló gbájú mọ́: ó ń tọ́jú ẹṣin, ó sì ń kàwé nípa ogun àtijọ́. Nígbà tó fi máa di 1885, ó ti di sájẹ́ńtì-méjọ̀. Ní 1888, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá ológun (ọ́físà). Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ olówó ló pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀gá ẹlẹ́ṣin, ilé ni wọ́n ti ń gba owó kún owó iṣẹ́ wọn. Owó iṣẹ́ nìkan, pọ́n-ùn 120 lọ́dún, ni ti Robertson. Bàbá rẹ̀ ló rán aṣọ iṣẹ́ fún un, omi ló sì ń mu níbi táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń mu wáìnì. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà, ó kọ́ Urdu, Hindi, Persian, Pashto àti Punjabi, torí pé ẹni tó bá yege nínú èdè máa ń gba àfikún owó. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi lórí èyí. Kò bínú sí ọmọ olówó, kò sì fara wé wọn.

Ní 1897, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ti ipò sójà lásán wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ní Camberley. Ní 1910 ó di olórí ibẹ̀. Nígbà tí ogun dé ní 1914, òun ló ń bójú tó oúnjẹ àti ohun èlò àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Faransé. Àwọn Jámánì lé wọn sẹ́yìn láti ìlú Mons ní Bẹ́ljíọ̀m, ilà ogun dàrú. Robertson ní kí wọ́n lọ kó oúnjẹ kalẹ̀ sí oríta ọ̀nà, kí àwọn tó ń sá bọ̀ lè rí nǹkan mú bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó ti jẹ sójà rí, ó mọ bí ebi ṣe ń ṣe wọ́n.

Ní 1920, wọ́n fi í jẹ Field Marshal, ẹnì kan ṣoṣo tó tíì ti ipò tó kéré jù lọ dé ibẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì. Oyè náà tọ́ sí i. Síbẹ̀, nígbà ìjà Passchendaele, nínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, ní 1917, òun ni olórí gbogbo ológun Gẹ̀ẹ́sì ní London. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí ìjà náà, àmọ́ ó ti Haig, ọ̀gágun tó ń darí ìjà náà, lẹ́yìn torí kò rí ọ̀nà mìíràn. Àwọn tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ níhà Gẹ̀ẹ́sì lé ní 200,000. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó sídìí ìpinnu yẹn, òun nìkan ló ti wà nípò àwọn tí wọ́n rán lọ sínú ẹrẹ̀ náà, òun ni mo sì rò pé ó yẹ kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.