Àìsàn Ni, àbí Ẹrù?

Ní ìpàdé àwọn ìyá ní oṣù tó kọjá, arábìnrin wa kan dìde, ó ní ká fi àdúrà ran òun lọ́wọ́. Oorun ò kùn ún mọ́, àyà rẹ̀ ń já, ó sì ń kanra mọ́ àwọn ọmọ láìnídìí. Ó ní ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ti sọ fún òun pé àìsàn sítírẹ́ẹ̀sì ló ń ṣe òun, ó sì ti ta oògùn fún òun. Gbogbo wa ní, “Olúwa á gbọ́.” Ìyá àgbà kan ló bi í pé, “Ọmọ mi, aago mélòó lo ń jí?”

Ó ní aago mẹ́rin. Yóò dáná, yóò wẹ ọmọ mẹ́ta, yóò wọ ọkọ̀ ní Nyanya kó tó di aago mẹ́fà, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́ ọ̀nà àárín Àbújá. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń wọlé. Iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ ń dúró dè é, abọ́ náà ń dúró dè é. Ìyá àgbà ní, “Ẹrù lèyí o.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá pe kòókòó-jàn-án-jàn-án ojoojúmọ́ ní àìsàn, ohun tí à ń sọ ni pé inú ara ẹni tó rẹ̀ ni àléébù wà. Oògùn la ó fún un. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ẹni tó di ẹrù náà. Ọ̀gá tó ń dá a dúró kọjá àsìkò bọ́. Ọkọ tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n bọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1960, Raymond Prince, ará Kánádà, oníṣègùn ọpọlọ tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ohun tí wọ́n ń kà kì í yé wọn mọ́. “Brain fag” ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó di 1994, ìwé ńlá àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti tò ó mọ́ àwọn àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń lo orúkọ yẹn nílùú wọn láyé Ọbabìnrin Victoria, fún ẹni tí iṣẹ́ ọpọlọ ti tán lókun. Ọmọ tí ẹbí dáwó jọ rán níléèwé, tó mọ̀ pé bí òun bá fìdí rẹmi, gbogbo ilé ló fìdí rẹmi, ṣé ọpọlọ rẹ̀ nìkan ló yẹ ká yẹ̀ wò? Ohun tí a gbé lé e lórí ńkọ́?

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣọ́ra. Ní 2019, nígbà tí wọ́n ṣàlàyé “burn-out”, ìyẹn kí iṣẹ́ tán èèyàn lókun, wọ́n ní ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ni, àwọn ò kà á sí àìsàn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àìsàn wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí ìbànújẹ́ bá sì dá èèyàn jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí oúnjẹ ò lọ, tí ìrònú ikú ń wá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Kì í ṣe ìtìjú. Arábìnrin wa náà, a ní kó lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n bí dókítà wò ó tán, ẹrù ṣì wà lórí.

Nígbà tí Jẹ́tírò rí Mósè tó ń dá ẹjọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò wá oògùn fún un. Ó ní kó pín iṣẹ́ náà.

Ibi tó dùn mí jù rèé: a jókòó, a ka iṣẹ́ arábìnrin yìí nínú ìjọ. Ẹgbẹ́ akọrin, ìgbìmọ̀ ìgbàlejò, ìpàdé àwọn ìyá, ìṣọ́ òru. Torí pé kì í kọ̀, òun là ń rán. Ẹni tó gbé erin lérí, a tún ní kó máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Àwa tí a fẹ́ gbàdúrà fún un, àwa náà wà lára àwọn tó di ẹrù rù ú.

A ti gba iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà lọ rí ọkọ rẹ̀. Ẹ má bi mí ohun tí wọ́n sọ. Mo gbọ́ pé bàbá àwọn ọmọ ló ń wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ báyìí. Ọ̀nà Nyanya ò tíì yí padà, ṣùgbọ́n ó ní oorun ti ń kun òun díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹnì kan bá tún dìde láàárín wa pé ó rẹ òun, ká tó fún un ní orúkọ àìsàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í: aago mélòó lo ń jí?