Ṣé Ẹni Tó Ta Oko Baba Rẹ̀ Ti Gan Ogún?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, gbogbo wa la mọ ìtàn Nábótì nínú 1 Àwọn Ọba 21. Áhábù fẹ́ ra ọgbà àjàrà rẹ̀, ó kọ̀, nítorí ogún àwọn baba rẹ̀ ni. A máa ń yìn ín, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní igi àjàrà náà ti ń kú lórí ìdúró ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ti dé bá àwọn olóko ọsàn ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ìdílé kan ti ń gbin ọsàn láti ìran mẹ́rin. Lọ́dún 2005, wọ́n rí àrùn kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní greening. Kòkòrò kékeré kan tó ń fa omi ara ewé ló ń gbé e kiri. Èso igi tó bá mú a kéré, a korò, a sì já bọ́ láìpọ́n. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ní sáà 2003 sí 2004, ọsàn tí wọ́n ká níbẹ̀ lé ní 240 mílíọ̀nù àpótí. Ní sáà 2024 sí 2025, kò tó 15 mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ olóko ti ta ilẹ̀ wọn fún àwọn tó ń kọ́lé.

Àwọn kan á ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo orísun ọ̀hún dáadáa. Nígbà tí òtútù ńlá pa igi ọsàn ní Florida lọ́dún 1894 sí 1895, ọ̀pọ̀ olóko ayé ìgbà yẹn fi oko sílẹ̀, wọ́n lọ tún un gbìn ní gúúsù. Àwọn baba náà ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ rí.

Lójú tèmi, Ísọ̀ jẹ̀bi nítorí pé ó gan ohun tó ṣì wà láàyè, nítorí ebi ọjọ́ kan. Ẹni tó tọ́jú igi títí agbára fi tán kò ṣe bíi tirẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ tà ni òdodo: kó san owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, kó má sì ta igi tó mọ̀ pé ó lárùn fún ẹlòmíì. Síbẹ̀, kó má kánjú, torí ilẹ̀ tí wọ́n bá ti kọ́lé sí kì í sábà padà di oko.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí owó oko rán wá sí yunifásítì, ká tó sọ pé a ò padà sóko mọ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé oko ló kú ni, àbí àwa la gàn án? Kí Olúwa jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀. Àmín.