Kẹ̀kẹ́ Bàbá Roper àti Ọ̀nà Oǹdó

Ẹni tó bá mọ irin jó ní Àkúrẹ́ á ti ro èrò kan rí, pàápàá láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190, tó fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èrò náà ni pé kí a wá ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ ológeere kan, kí a gbé ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “ai-pàásì-mai-néébọ̀” lé e, kí a jó agbọ̀n onítáyà kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ọ̀wẹnà wọ Àkúrẹ́, tàbí kòkó láti oko wọ Oǹdó. Kò burú. Ọlọ́kadà tó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ gàgàrà sẹ́yìn ara rẹ̀ kò kúkú sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí wẹ́dà tó tanná, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti bàbá kan.

Sylvester Roper lorúkọ rẹ̀, ará Boston ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1869 ló ti ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tó ń fi agbára ooru omi gbígbóná rìn. Kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian dòní. Nígbà tó yá, ó mú kẹ̀kẹ́ Columbia, kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wà, ó gbé ẹ́ńjìnnì sí i. Ìkòkò irin tó ń se omi wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, èédú ń jó lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1896, bàbá ẹni ọdún 72 yìí gbé e lọ sí pápá ìdíje kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò Charles. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi eré kẹ̀kẹ́ jẹun bá a sáré, wọn ò lè lé e bá. Ó fi ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀ sá máìlì kan. Inú bàbá dùn, ó tún fi kún eré. Àwọn òǹwòran rí i tí kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó ń ta síhìn-ín, tó ń ta sọ́hùn-ún, àfi gbì-ìn! Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́. Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Bóyá ọkàn ló kọ́kọ́ dákẹ́ kó tó ṣubú, bóyá ìṣubú ló pa ọkàn, wọn ò tíì parí àríyànjiyàn náà.

Ẹ wá wò ó o: kẹ̀kẹ́ bàbá yìí kò ní agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò bá kòtò pàdé.

Agbọ̀n ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ló ṣòro jù. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń tẹ̀ bó bá fẹ́ yà, ìtẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ìwúwo ti rímù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ti jó agbọ̀n mọ́ ọn, kò lè tẹ̀ mọ́. Àwọn wáyà tín-ín-rín inú rímù á wá máa ru ohun tí wọn ò ṣe wọ́n fún, títí rímù á fi ká lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún là ń gbà ní Nàìjíríà, ọ̀tún náà ni agbọ̀n á wà. Bó bá ṣófo tí ẹ sáré yà sí ọ̀tún, agbọ̀n á gbéra nílẹ̀. Bó bá kún tí ẹ tẹ bíréèkì lójijì, kẹ̀kẹ́ fẹ́ dúró, ẹrù ò fẹ́ dúró, á wá fi agídí yí yín sí òsì, níbi tí tírélà ti ń bọ̀.

Bíréèkì ọ̀hún ńkọ́? Rọ́bà kékeré méjì tó ń di rímù mú ni, ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe é. Ẹni tó ń sá kìlómítà 15 ní wákàtí kan, tó wá sọ ọ́ di 30, ibi tí yóò sá dé kó tó dúró ti di ìlọ́po mẹ́rin, a ò tíì ka ẹrù. Àwa ènìyàn máa ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tó ń dún. Ẹ́ńjìnnì ló ń dún. Bíréèkì kì í dún, torí náà òun ló máa ń gbẹ̀yìn nínú èrò wa.

Ẹni tó bá máa ṣe é, rímù àti bíréèkì ọ̀kadà ni kó kọ́kọ́ wá, kí táyà agbọ̀n náà sì ní bíréèkì tirẹ̀, kó tó ronú kan ẹ́ńjìnnì rárá. Kó kó àpò yanrìn sí i, kó dán an wò ní pápá tí kò sí ènìyàn, kó dán an wò nígbà tó ṣófo pẹ̀lú. Ibi tí ẹ ti lè béèrè kò jìnnà: FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀, wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. EMDI, ibùdó ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí irin àti ohun èlò ẹ̀rọ, wà lójú ọ̀nà Oǹdó gan-an. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yẹn dé ìlú Oǹdó, ẹ ó bá ilé ìwòsàn tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ sí Láje fún àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá.

Ẹ̀yin wẹ́dà wa, ẹ gbé férémù yín lọ béèrè ní EMDI kí ẹ tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù lé e.