Kóńgò Méjì Lọ́wọ́ Adájọ́

Ọ̀dọ́ kan gbé kúùbù Rubik wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ó ní: “Àáfà, ẹ wá bá mi dá ẹjọ́ eléyìí.” Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó là á yé mi tán, ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Níbi ìdíje ẹni tó yára to kúùbù jù, wọ́n á da kúùbù rú, wọ́n á fún olùdíje ní ìṣẹ́jú-àáyá 15 kó fi wò ó yí ká. Bó bá tò ó tán tó gbé e kalẹ̀, adájọ́ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí apá kan bá wọ́ ju dígírì 45 lọ, ìṣẹ́jú-àáyá méjì gorí àkókò rẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú-àáyá 3.13 ni olùdíje kan, Max Park, fi to tirẹ̀ ní Long Beach, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2023. Ká ní apá kan wọ́, 5.13 ni wọn ìbá kọ, a ò sì ní gbọ́ ìró rékọ́ọ̀dù kankan. Ojú ẹnì kan ṣoṣo ló wà láàárín ògo àti òfo.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kìlọ̀, tí mo sì ń ṣe é tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Odindi sùúrà kan sọ̀kalẹ̀ nínú Àlùkùránì Alápọ̀nlé lórí àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Ẹ má rò pé alágbàdo tó tẹ ìdí kóńgò wọnú nìkan ló ń bá wí. Adájọ́ tó fojú fo wíwọ́ kúùbù ìlú-mọ̀ọ́ká, tó wá tẹjú mọ́ ti ọmọ tẹ́nìkan ò mọ̀, kóńgò méjì ló gbé dání, yóò sì jíhìn méjèèjì.

Àwa òǹwòran náà ò mọ́. Lọ́dún 2018, ní Wuhu ní Ṣáínà, Yusheng Du to kúùbù ní 3.47, rékọ́ọ̀dù 4.22 tí Feliks Zemdegs dì mú sì fọ́. Kámẹ́rà ara ògiri ló ká a, àwòrán rẹ̀ ò mọ́ gaara. Ṣé torí èyí la ó ṣe pè é ní olè àti òpùrọ́? Aago kà á, adájọ́ rí i. Àbá burúkú kì í ṣe ẹ̀rí. Àmọ́ bí ẹ̀rí bá dé, ẹ má ṣojúsàájú. Ní 2007, níbi ìdíje àgbáyé ní Budapest, ọmọ Hungary kan tó ń fi aṣọ dí ojú to kúùbù ń yọjú wò ó. Ilẹ̀ Rubik tó ṣe kúùbù yìí fúnra rẹ̀ ni Hungary o! Síbẹ̀ wọ́n fagi lé èsì rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nínú ìdíje fún ọdún mẹ́ta.

Olùdíje àti adájọ́ ló ń jọ fọwọ́ sí ìwé èsì. Àwọn mọ̀láíkà méjì, tọ̀tún tòsì, ń kọ tiwọn lọ, ìwé tiwọn ni wọ́n ó sì nà sí wa ní Ọjọ́ Àlìkíyámọ̀. Ẹni tó bá sọ rékọ́ọ̀dù nù nítorí òótọ́, Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kó pàdánù lọ́dọ̀ Rẹ̀. Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tó gbé kúùbù wá, bí adájọ́ ò bá rí i pé tìẹ wọ́, tí ojú tìẹ sì rí i, jọ̀ọ́, sọ fún un kó o tó fọwọ́ sí ìwé náà.