Ìwọ̀n Tó Bá Tó

Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń wo lẹ́tà méjì kan: q.b. Inú bébà pélébé kan tí ọ̀rá ti rin ni wọ́n wà. Màmá Ìsàlẹ̀, aládùúgbò mi tó ń gbé nísàlẹ̀, ló kọ ọ́ fún mi kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Milano. Fúláwà, q.b. Oyin, q.b. Òróró tí a ó fi dín in, q.b. Nínú gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀, ẹyin nìkan ló ní iye: mẹ́rin. Quanto basta ni àwọn ará Ítálì ń gé kúrú bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó bá tó. Ó dáa. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé ó ti tó?

Ọjọ́ 8 oṣù Dìsẹ́ḿbà lónìí, àjọ̀dún Immacolata, ọjọ́ tí Napoli ń bẹ̀rẹ̀ Kérésìmesì. Láti òní títí di ọjọ́ 6 oṣù Jánúárì, ìtàsánsán oyin àti òróró gbígbóná kì í kúrò lórí àtẹ̀gùn ilé yìí, ọ̀dọ̀ Màmá Ìsàlẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ ta. Lọ́dún yìí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Mo gòkè kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbóòórùn nǹkan kan, ọkàn mi ò sì lélẹ̀. Ìdí tí mo fi gbé abọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Struffoli ni mo fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá mọ ṣín-ṣín ti mọ ìdajì rẹ̀: fúláwà, ẹyin, ṣúgà díẹ̀, bọ́tà tàbí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, èèpo ọsàn àti ti lẹ́mọ́ọ̀nù tí a rin, àti ọtí ánísì díẹ̀. A ó pò ó, a ó yí i gbọọrọ bí ìka ọwọ́, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó dín in. Ìdajì tó kù ni oyin. A ó yọ́ ọ lórí iná jẹ́jẹ́, a ó da gbogbo èyí tí a dín sí i, a ó máa rò ó títí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi máa dán, a ó wá tò ó yíká ife kan nínú àwo, kó rí roboto bí òṣùká. Lẹ́yìn náà la ó wọ́n ṣúgà wínníwínní aláràbarà lé e lórí. Diavulilli ni wọ́n ń pè é, àwọn bìlísì kéékèèké. Bìlísì lórí oúnjẹ ọjọ́ ìbí Jésù! Napoli nìyẹn.

Kíkéré wọn gan-an ni adùn wọn. Kò yẹ kí hóró kan tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, nítorí bí wọ́n bá ṣe kéré tó ni oyin ṣe ń rí ara wọn lẹ̀ mọ́ tó. Bí wọ́n bá tóbi, awọ nìkan ni oyin ń pa, inú á sì gbẹ. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, temi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkàrà. Màmá Ìsàlẹ̀ gbé ọ̀kan sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó bi mí pé ṣé ebi ń pa mí ni.

Mo pè é lórí fóònù lọ́sàn-án. Mo ní, “Signora, fúláwà náà ńkọ́, báwo ló ṣe gbọdọ̀ pọ̀ tó?” Ó ní ìwọ̀n tó bá gbà. Mo ní ìwọ̀n tí kí ló gbà? Ó ní ìwọ̀n tí ẹyin bá gbà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òtútù Milano fún mi.

Ìyá mi nìyẹn, láìkù síbì kan. Nílé wa ní Ìbàdàn, bí o bá bi í pé ṣíbí iyọ̀ mélòó, á wò ọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. “Fojú wò ó.” Nígbà náà, mo rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi ni. Àṣé kò sí ohun tó pamọ́ níbẹ̀. Ẹyin kan tóbi ju èkejì lọ, fúláwà ọjọ́ òjò kì í ṣe bíi ti ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, nọ́ńbà wo lo fẹ́ kó dá? Pellegrino Artusi, tó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé oúnjẹ rẹ̀ ní Florence lọ́dún 1891, fi giramu wọn nǹkan fún ẹni tí kò rí ẹni dúró tì, mo sì ń kí i fún un. Àmọ́ q.b. kì í ṣe ìwọ̀n àlejò. Ẹni tó ti dúró ti abọ́ rí ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù nìyẹn: Màmá Ìsàlẹ̀ gbà pé ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.

Mo da fúláwà sí i, mo pò ó, mo tún da díẹ̀ sí i. Mò ń retí kí nǹkan kan wí fún mi pé ó tó. Nígbà tí mo máa fi rántí pé mò ń retí, ó ti pẹ́ tí mo ti dáwọ́ fúláwà dúró. Kò lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Mo fi aṣọ bò ó kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹni tó bá ń dúró de ìyẹ̀fun pípò a máa ro oríṣiríṣi nǹkan. Mo ro ti roccocò, bisikíìtì tó rí bí òrùka tó jẹ́ ìkejì struffoli nínú Kérésìmesì wọn, tó le bí òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń rì í bọ ọtí kí wọ́n tó fi eyín kàn án. Álímọ́ńdì, kànáfùrù àti sínámọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n amóníà ni wọ́n fi ń mú un wú. Ìyẹ̀fun funfun ni amóníà tí wọ́n ń fi yan nǹkan. Bí o bá ṣí i, omi á bọ́ lójú rẹ, ilé á máa rùn bí ilé ìtọ̀. Bí ó bá dé inú ààrò, iná á sọ gbogbo rẹ̀ di afẹ́fẹ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó fi sílẹ̀ kò ju àwọn ihò kéékèèké inú bisikíìtì náà lọ. Nínú àkàrà òyìnbó tó nípọn tó sì tutù, kò ní rí ọ̀nà jáde. Mo máa ń rò ó pé ta ló kọ́kọ́ ní ìgboyà láti fi irú òórùn bẹ́ẹ̀ sínú ohun jíjẹ, tó sì ní sùúrù láti dúró wò ó.

Nígbà tí mo dín struffoli tán, ó kún agbọ̀n kan, ó tún kún abọ́ kan. Èmi nìkan, ẹyin mẹ́rin! Ó yẹ kí n ti lo ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan yìí ní ti ẹnì kan, bí mi ò ṣe rí i kí ìyá mi dín ṣín-ṣín abọ́ kan ṣoṣo rí. Bí Kérésì bá dé nílé wa, abọ́ á máa lọ sílé àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Bí Iléyá bá dé, ẹran á máa bọ̀. Nínú ilé yìí náà, àwo ló ń gun àtẹ̀gùn tó ń sọ̀. Àwo tí Màmá Ìsàlẹ̀ gbé struffoli wá fún mi lésìí ṣì wà lọ́dọ̀ mi, èyí tí etí rẹ̀ kán díẹ̀. Ojú ń tì mí láti dá a padà lófìfo, mi ò sì rí ohun tí mo lè bù sí i. Òun ni mo to ti òní sí.

Orí ìdúró ni mo ti ń ro gbogbo èyí, ṣíbí lọ́wọ́ mi, ife náà sì wà láàárín òṣùká oyin níbi tí mo gbé e sí. Ó yẹ kí n ti yọ ọ́ nígbà tí oyin ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bébà kò sọ ìyẹn. Mo fa ife, àwo tẹ̀ lé e. Mo ṣe é jẹ́jẹ́, àwo tún tẹ̀ lé e. Mo da omi gbígbóná sínú ife náà, mo sì fa àga sún mọ́ ọn.