Ta Ni Ìbọn Náà Yóò Dojú Kọ?

Ibi ìsádi ni àwọn òkè Ìdáàṣà jẹ́ fún àwọn baba ńlá wa, nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Púpọ̀ nínú ìbọn tí ogun náà gbé wá láti òkè òkun ni, èbúté Ouidah ni ó gbà wọlé, ẹrú ni a sì fi ń rà á. Olùtà àti olùrà jọ dúnàá-dúrà. Ẹni tí ìbọn náà yóò dojú kọ kò sí níbẹ̀.

Bí a bá ní kí a so títa ohun ìjà àti ìrànlọ́wọ́ ológun mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹni tí kò sí níbẹ̀ yẹn ni a ń gbẹnu sọ fún.

Àwọn kan ní ìwọ̀sí ni: ṣé àwọn tí ó fi ìbọn ra baba wa ni yóò wá kọ́ wa níwà? Wọ́n tún ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í ṣàdéhùn kí ó tó gba omi. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn jàǹdùkú pa ọmọ ogun wa 54 ní àríwá Benin. Ṣùgbọ́n omi kì í pa ẹni tí a fẹ́ gbà là. Ìbọn lè pa á.

Ẹ jẹ́ kí a wo Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ òfurufú ológun ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Àwọn ológun ní àṣìṣe ni. Amẹ́ríkà dá títa ọkọ̀ ogun Super Tucano 12 dúró. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba tuntun níbẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Àdéhùn tí ó wà lọ́wọ́ olùtà nìkan a máa yí bí olùtà bá ti yí.

Nítorí náà, ó yẹ kí àdéhùn náà jẹ́ tiwa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, ní Àbújá, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí àwọn ohun ìjà kéékèèké, tí ó ní a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìbọn kọjá sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀. Òyìnbó kọ́ ni ó kọ ọ́ fún wa. Àǹfààní ológun pàápàá wà níbẹ̀: ará abúlé tí ń sá fún ọmọ ogun kò ní sọ ibi tí ọ̀tá wà fún un.

Àwa tí òkè gba baba wa là, ẹ jẹ́ kí a máa bi àwọn aṣòfin wa léèrè, kí a tó yọ̀ sí ohun ìjà tuntun: ta ni yóò dojú kọ, ta ni yóò sì jíyìn bí ó bá ṣi ẹni pa?